Bó o ṣe máa gbé ejò ńlá tó ò ń sìn láì fara pa

Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí boa mi, irú ejò ńlá kan, bù mí ṣán, ẹ̀bi mi dẹ̀ ni láti òkè délẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eku nínú fírísà, mo gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí yìnyín ara ẹ̀ lè yọ́, mo wá ní kí eku yẹn tó yọ́ tán kí n sáré gbé ejò jáde kí n fi tún inú àpótí ẹ̀ ṣe. Mo da omi lásán sọ́wọ́, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó parí. Ọwọ́ mi ò tíì wọlé dé ìgúnpá tí mo fi gbọ́ pàá, bí ìgbà tí wọ́n bá fi rọ́bà ta èèyàn lọ́wọ́, kí n tó wò ó ẹnu ejò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi, ara ẹ̀ ti ká mọ́ ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó dẹ̀ ń fún un mọ́ra bọ̀. Ejò mítà 2 ni o. Mi ò tiẹ̀ lè pariwo. Bàbá mi ló gbọ́ nígbà tí bàsíà omi dànù, àwọn ló wá bá mi tú u, láti ìrù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìka mi ti wú, ó ti pupa fòò kó tó kúrò. Tí wọ́n bá ń sọ pé ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, ti ọjọ́ yẹn o, ọwọ́ tèmi gangan ló wà nínú ẹ̀.

Ejò yẹn ò bínú sí mi. Ó gbóòórùn eku, ó rí nǹkan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń bọ̀ wá bá a, kí lo fẹ́ kó ṣe? Ejò ò mọ orúkọ ẹ, kò mọ̀ pé ìwọ lò ń fún òun ní oúnjẹ láti kékeré, ìbéèrè méjì péré ló máa ń bi ara ẹ̀: ṣé oúnjẹ nìyí, àbí nǹkan tó fẹ́ pa mí nìyí. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, kó o lè bá a dáhùn "rárá" sí méjèèjì ni, kí ọwọ́ ẹ tó kàn án lára.

Kí n tún sọ irú ejò tí mò ń sọ. Mi ò sọ ball python o, ìyẹn ò sábà kọjá mítà 1.5, tó bá tiẹ̀ bù ẹ́ ṣán ojú ló máa tì ẹ́ jù. Mò ń sọ boa tó ti dàgbà tó máa ń tó mítà 2 sí 3, carpet python, Burmese python tó lè tó mítà 4 tàbí 5 kó dẹ̀ wúwo ju kílò 40 lọ, títí dé reticulated python tó gùn ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Medusa, ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n wọ̀n ní October 2011, mítà 7.67 ni, èèyàn 15 ló gbé e kí wọ́n tó lè nà án tán. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó o dẹ̀ ṣì kéré, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Burmese tàbí reticulated fún ẹ, bó ti wù kó kéré tó lọ́jọ́ tó o rà á. Ọdún mélòó kan péré ló máa fi ju agbára ẹ lọ, ìwọ á ṣì wà níbi tó o wà.

Ta ló máa wà pẹ̀lú ẹ?

Èyí ló ṣáájú gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù. Tí ejò bá ti ń sún mọ́ mítà 2, má dá gbé e. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé mítà 2.5 ni àwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn kejì, àgbàlagbà nìyẹn, tó ti ń sin ejò láti ọdún gbọọrọ. Ìwọ tó ò tíì pé ọdún 18, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ẹ, kì í ṣe nínú ilé o, nínú yàrá. Tí ejò bá wá kọjá mítà 3, kẹ́ ẹ jẹ́ méjì gan-an ò tó, ẹ jẹ́ mẹ́ta. Bí ejò bá ṣe ń fi mítà kan àtààbọ̀ gùn sí i náà ni kẹ́ ẹ máa fi èèyàn kan kún un.

Ẹni kejì yẹn, kì í ṣe kó wá ya fídíò. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa wo orí ejò nígbà tí ìwọ ń wo ara ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Kẹ́ ẹ tó ṣí àpótí rárá ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ láàárín ara yín pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìrù ni yóò sáré lọ bá, torí nígbà tí ejò bá ti dì mọ́ èèyàn kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé.

Ṣé òní gan-an ló yẹ kó o gbé e?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, rárá ni ìdáhùn, kò dẹ̀ sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Tó bá jẹun lánàá, fi í sílẹ̀. Wákàtí 48 ló kéré jù, tí oúnjẹ yẹn bá tóbi tó o ṣì ń rí i tó wú láàárín ara ẹ̀, fi di ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ejò tí wọ́n gbé sókè pẹ̀lú oúnjẹ nínú lè pọ gbogbo ẹ̀ síta, kì í ṣe nǹkan tó o máa fẹ́ rí, òórùn ẹ̀ nìkan, háà, ó dẹ̀ máa ń ṣe ejò náà ní jàǹbá. Tí ojú ẹ̀ bá ti ṣú, tó ń ṣe bàìbàì bíi wàrà tí wọ́n bomi là, awọ ló fẹ́ bọ́, kò ríran dáadáa nígbà yẹn, gbogbo nǹkan ló ń já a láyà, fi í sílẹ̀ títí awọ yẹn á fi bọ́ kúrò. Ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ náà, jẹ́ kó lò tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó jẹun dáadáa kó o tó fọwọ́ kàn án. Tó bá ń mí tẹnu, tó ń yọ itọ́, tàbí tó ń gbórí sókè bí ẹni tó ń wo sánmọ̀ láìnídìí, dókítà ẹranko ló yẹ kó rí i, kì í ṣe ìwọ.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò ni ọjọ́ oúnjẹ. Tó bá jẹ́ pé gbogbo Sátidé lo máa ń fún un ní oúnjẹ, má gbé e ní ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Kò ní kàlẹ́ńdà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn ẹ̀ ní.

Múra yàrá, múra ara ẹ

Ti ilẹ̀kùn. Ti fèrèsé. Lé ajá àti ológbò síta, kí àwọn ọmọdé jáde. Tí fáànù bá ń yí lókè, pa á. Wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn àga, torí tí ejò mítà 2 bá ki orí bọ ibi tóóró, kò séèyàn tó lè fi ipá fà á jáde láì ṣe é léṣe, mo ti lo ìrọ̀lẹ́ kan gbáko rí tí mo ń tú kọ́bọ́ọ̀dù palẹ̀, ìṣó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ òrùka, ṣéènì, aago. Tí irun ẹ bá gùn, dì í.

Wá fọ ọwọ́ ẹ. Ọṣẹ ni o, títí dé ìgúnpá, kó o fi omi ṣàn án dáadáa. Mo mọ̀ pé o rò pé mò ń sọ ọ́ lásọdùn, ṣùgbọ́n rántí pé ahọ́n ni ejò fi ń gbóòórùn, gbogbo ìgbà tó bá yọ ahọ́n ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń kó wọlé lọ fún ẹ̀yà ara kan tó wà ní àjà ẹnu ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Àwọn python tún ní àwọn ihò kéékèèké lẹ́bàá ètè tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ooru wà. Nítorí náà ọwọ́ tó ń run eku, tó dẹ̀ gbóná, kí ló kù tí kì í fi í ṣe eku? Tó o bá gbé ehoro, ajá tàbí ẹyẹ kankan lọ́jọ́ yẹn, pààrọ̀ aṣọ ẹ pẹ̀lú.

Ṣí i, kó o sì kàn ilẹ̀kùn fún un

Ibí ni mo máa pẹ́ sí díẹ̀, torí ibí ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ejò tó jẹ́ pé ìgbà tí oúnjẹ bá dé nìkan ni àpótí ẹ̀ máa ń ṣí, ó ti kọ́ ọ pé ṣíṣí àpótí, oúnjẹ ni. O ò lè bá a jiyàn. Nǹkan tó o máa ṣe ni kó o fún un ní àmì mìíràn, èyí tí kì í bá oúnjẹ rìn láéláé. Ọ̀pá ìkọ́ la máa ń lò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí ẹ̀ tẹ̀. Tí o ò bá ní, rọ́ọ̀lù páálí tí wọ́n fi ń wé pépà náà á ṣe é, tó bá ti gùn tó láti jẹ́ kí ọwọ́ ẹ jìnnà sí orí ejò.

Ṣí àpótí, kó o dúró. Má tíì ṣe nǹkan kan. Kà dé 10. Wo orí ẹ̀: ṣé ó ti yíjú sí ẹ? Wá mú ọ̀pá yẹn wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, torí nǹkan tó bá ti òkè bọ́ lé ejò lórí, ẹyẹ àṣá ló ń rò. Fi ọ̀pá náà kàn án ní àárín ara, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó o bá fẹ́ jí àgbàlagbà tó ń sùn. Fi pa á lára lọ síwájú díẹ̀. Tí orí ẹ̀ bá ti dé itòsí, fi ọ̀pá náà tì í sẹ́yìn pẹ̀lẹ́. Nǹkan tó o ń retí láti rí ni kí ara ẹ̀ dẹ̀, kí ahọ́n ẹ̀ máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó sún kúrò díẹ̀ tàbí kó kàn wà bẹ́ẹ̀. Ejò tèmi máa ń ṣe nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó bá ti mọ ọ̀pá yẹn lára, á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á wú á sì rọ̀, bí ẹni tó ń sọ pé "á à, kì í ṣe oúnjẹ, ó dáa náà". Ìgbà yẹn ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Tó bá wá ká ọrùn ẹ̀ bíi lẹ́tà S, tí ojú ẹ̀ dúró gbọnyin sí ọ̀pá tàbí sí ẹ, tí ahọ́n ò jáde mọ́, ti àpótí ẹ pa. Ejò tó bá ń ṣe fììì, ìyẹn ń kìlọ̀ fún ẹ ni, o ṣì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó dákẹ́ tó ń wò ẹ́ láì mira gan-an ni kó o bẹ̀rù. Padà wá lọ́la.

Àmì yìí máa ń gba àsìkò kó tó mọ́ ọn lára, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Má dẹ̀ lo ọ̀pá yẹn lọ́jọ́ oúnjẹ rárá, torí ọjọ́ tó o bá lò ó fún méjèèjì, o ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Gbé e

Ọwọ́ kan lábẹ́ àárín ara ẹ̀, tàbí ṣáájú àárín díẹ̀. Ọwọ́ kejì sẹ́yìn, níbi tó ku ìdá kan nínú mẹ́ta kó tán. Gbé méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Má di í mú gírígírí, ọwọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dà bí ẹ̀ka igi, igi kì í fún ejò lọ́rùn. Má dì í mú lórí, má dẹ̀ fi ìrù gbé e láéláé, egungun ẹ̀yìn ejò lé ní 200, gbogbo ẹ̀ tín-ín-rín, ìwúwo ara ẹ̀ lè fà á ya tó bá so rọ̀ láti ìrù.

Tó bá ti ń rìn, má dá a dúró. Jẹ́ kó gba ọwọ́ kan kọjá, kó o gbé ọwọ́ tó ṣófo síwájú ẹ̀, báyìí báyìí, ọwọ́ lé ọwọ́. Orí ẹ̀ ló yẹ kó o máa darí, nípa pé o ń yí ara ẹ̀ kúrò, kó má bàa dojú kọ ojú ẹ tàbí ti ẹni kejì. Ìdajì mítà láàárín orí ejò àti ojú èèyàn, ó kéré jù. Gbogbo àwọn tó ń fi ejò fẹnu kẹnu nínú fọ́tò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Tó bá wúwo jù fún ẹ, kò pọn dandan kó o gbé gbogbo ẹ̀. Jókòó sílẹ̀, kí ìdajì ara ẹ̀ wà nílẹ̀ tàbí lórí tábìlì, kí ìdajì wà lẹ́sẹ̀ ẹ. Èmi gan-an, báyìí tí mo ti dàgbà, bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn mi ò dùn mí, ejò ò bẹ̀rù pé òun máa já bọ́. Ejò tó bá ń bẹ̀rù àtijábọ́ á wá nǹkan dì mú, ìwọ lo dẹ̀ sún mọ́ ọn jù.

Kì í ṣe ọrùn o. Má fi ejò ńlá kọ́ ọrùn, bó ti wù kó tutù tó, bó ti wù kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ máa retí fọ́tò tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èémí ni ejò máa ń dí mọ́ ẹran nínú títí á fi kú, ṣùgbọ́n ní 2015 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wo boa ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ni nǹkan tó ń dá dúró, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré. Ọrùn ẹ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí orí. Ejò ò tiẹ̀ nílò kó bínú, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ yọ̀, ó kàn dì mọ́ ọn kó má bàa ṣubú, ìwọ á ti dákú kó o tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Èjìká kan, tàbí apá, ó tó.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó fún ìgbà kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára, tó ń ki orí síbí síbẹ̀, tí ara ẹ̀ ń le, ó ti sú u nìyẹn, dá a padà kó tó wá fi ẹnu sọ ọ́.

Tó bá dì mọ́ ẹ

Má jà. Ní 2012 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé boa máa ń gbọ́ ìlù ọkàn ẹran tó dì mọ́, níwọ̀n ìgbà tí ọkàn yẹn bá ṣì ń lù, á máa fún un. Ìwọ tó o wá ń já ara ẹ gbà tagbáratagbára, ò ń sọ fún un pé oúnjẹ òun ṣì wà láyé ni. Dúró jẹ́ẹ́, kí ẹni kejì mú ṣóńṣó ìrù kó máa tú u bọ̀ láti ibẹ̀, roboto kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìgbà tí èèyàn ń tú okùn. Ìrù ni agbára ẹ̀ ti kéré jù. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí, orí yẹn á wá nǹkan tuntun bù jẹ, ara ẹ̀ ò dẹ̀ ní tú.

Tó bá jẹ́ ọrùn tàbí àyà ló dì mọ́, tí ẹ ò dẹ̀ rí i tú kíákíá, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tẹ́ ẹ wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí. Ẹ máa tú u lọ bẹ́ ẹ ti ń pè.

Tó bá bù ẹ́ ṣán

Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó bù ẹ́ tó tú ẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù ló bà á. Èyí tó bù ẹ́ tó mú ọwọ́ dání, oúnjẹ lo jọ lójú ẹ̀. Èyí kejì yẹn, má fa ọwọ́ ẹ! Mo mọ̀ pé ara á sọ fún ẹ pé kó o fà á, ti èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi dòní, fífà ló fà á, kì í ṣe eyín. Eyín ejò yìí tẹ̀ sẹ́yìn bíi ìkọ́ ẹja, bó o ṣe ń fà á ló ń wọlé sí i. Fi ara balẹ̀, gbé ìwúwo ejò náà lé nǹkan kó má bàa so rọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹ da omi tútù sí i lórí, tàbí kí ẹni kejì kán sanitáísà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀, kì í ṣe kó rọ ìgò sí i lẹ́nu. Á tú u sílẹ̀. Àwọn ejò wọ̀nyí ò ní oró, fọ ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi dáadáa, wò ó bóyá eyín kán sínú ẹ̀, kó o lọ rí dókítà tó bá jìn, tó bá wà ní ojú tàbí oríkèé, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́yìn ọjọ́ kan. Béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà.

Má dẹ̀ fi pamọ́ fún àwọn òbí ẹ torí o rò pé wọ́n á ní kó o gbé ejò náà jáde nílé. Èmi ò rí tèmi fi pamọ́, bàsíà ló tú àṣírí mi.

Dá a padà

Mú un sún mọ́ ẹnu àpótí, jẹ́ kí orí ẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí ara máa yọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ tẹ̀ lé e. Yọ ọwọ́ ẹ láti ẹ̀yìn, má na ọwọ́ kọjá níwájú orí ẹ̀ torí o fẹ́ gbé ike omi ẹ̀ dúró, ike omi á dúró di ẹ̀yìn. Ti ilẹ̀kùn, kó o tì í ní kọ́kọ́rọ́ gidi, ejò ńlá lè fi imú ti ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí á fi ṣí.

Oúnjẹ ẹ̀, inú àpótí náà ni kó o ti fún un, ẹ̀mú gígùn ni kó o lò, ẹni kejì wà níbẹ̀ bákan náà. Má gbé e lọ sínú àpótí mìíràn torí àtijẹun kó o tún wá gbé e padà, ìgbà tí ejò ṣì ń wá oúnjẹ kiri lo fẹ́ máa gbé e yẹn.

Fọ ọwọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ti èyí fún ìwọ ni, kì í ṣe fún ejò. Kòkòrò Salmonella máa ń wà lára àwọn ẹranko afàyàfà, kò ní ṣe ejò ẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè gbé èèyàn dè, pàápàá ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5, àgbàlagbà tó ti lé ní 65, àti ẹni tí àìsàn ti sọ ara ẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Tí irú wọn bá wà nínú ilé yín, àpótí ejò ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun, má dẹ̀ fọ ike omi ẹ̀ nínú síńkì tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́.

Gbé ọ̀pá ìkọ́ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, níbi tí ọwọ́ ẹ á ti kọ́kọ́ bá a nígbà mìíràn. Kó o wá fa ilẹ̀kùn yẹn wò lẹ́ẹ̀kejì kó o tó jáde ní yàrá, èmi máa ń fà á lẹ́ẹ̀mẹta.